Mi Ò Ní Fọwọ́ Sí Bẹ́líìtì Yẹn

Rọ́bà tó ti gan bíi pákó ni mo fi kí Fermín Lizárraga lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fojú kàn án.

Oṣù kìíní ọdún 1997 ni. Yìnyín ti bo òrùlé gbogbo ilé ní Tres Encinos, ìlú wa lórí òkè ní Mẹ́síkò, láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwa òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà kóra jọ sínú yàrá ìpàdé, kálukú di ife kọfí rẹ̀ mú bí ẹni di ẹyin mú. Àwọn Lizárraga ti wá láti ìlú Hermosillo láti fi iṣẹ́ wọn hàn wá. Bẹ́líìtì ni wọ́n fẹ́ ṣe fún wa, èyí tí yóò máa gbé òkúta bàbà látinú kòtò wa, gba orí òkè, sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti máa lọ̀ ọ́. Kìlómítà mẹ́tàdínlógún gbáko.

Bàbá jókòó níwájú, Injiníà Hilario Lizárraga, irun funfun, bàtà dídán. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí bẹ́líìtì kan ní gbogbo ìpínlẹ̀ Sonora tí kì í ṣe òun ló ya àwòrán rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ga, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò sí ìbéèrè tó lè bá a lójijì.

Mo nawọ́ sókè.

"Injiníà, ìwọ̀n ooru wo lẹ fi ṣe ìṣirò rọ́bà yẹn?"

"Ogún," ó ní. "Bó ṣe wà nínú ìwé."

Mo dìde, mo jáde. Ègé bẹ́líìtì kan wà lẹ́yìn ilé tó ti sùn síta mọ́jú. Mo gbé e wọlé, mo jù ú sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó dún gbà!

"Ẹ ká a," mo ní. "Ẹ ká a bí yóò ṣe máa ká lórí àwọn rólà yín."

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà wa, Urquijo, wò mí bíi kó fi ojú gbé mi jù síta. Injiníà Hilario kò tilẹ̀ wo rọ́bà náà. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ gbé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ó fi orúnkún tì í. Kò ká. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Kí lorúkọ yín?"

"Nereida Bojórquez. Èmi ni injiníà tó ń mójú tó bẹ́líìtì kékeré tá a ní níbí."

"Injiníà Bojórquez, bí ìpàdé bá parí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ."

Mo rò pé ìjà ló fẹ́ bá mi jà. Mo ti ká apá aṣọ mi sókè kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ dójú tì mí níwájú bàbá mi," ó ní.

"Èmi kọ́. Òtútù ló dójú tì yín."

Lójijì ló bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí kò bá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mu rárá, ẹ̀rín ọmọ ìta. Ẹ̀rín yẹn ló kọ́kọ́ kó mi sí wàhálà.

"Ẹ mú mi lọ síbi bẹ́líìtì kékeré yín lọ́la," ó ní. "Ẹ fi hàn mí."

Ọjọ́ mẹ́ta ló yẹ kó lò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò. Bàbá rẹ̀ padà sí Hermosillo, òun dúró. Láràárọ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a máa ń dúró ti ẹ̀rọ tó ń fa bẹ́líìtì wa, a ó kọ iye iná tó ń jẹ sílẹ̀. Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá ti mú gbogbo nǹkan gbóná, a ó tún kọ ọ́. Ẹrù kan náà, bẹ́líìtì kan náà. Ti òwúrọ̀ fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ju ti ọ̀sán lọ.

"Ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá," ó ń tún un sọ. "Nere, ìyẹn pọ̀ jù." Kò mọ̀gbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Nere. Èmi mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tá a ń jà lé lórí, torí òun ló fẹ́ bà wá láyé jẹ́. Ọ̀nà méjì ló wà tí èèyàn lè gbà ṣe ìṣirò bẹ́líìtì. Ọ̀nà tí Injiníà Hilario mọ̀ ni pé kó o mú nọ́ńbà kan ṣoṣo látinú ìwé, kó o fi ka gbogbo ìnira tí bẹ́líìtì máa rí lójú ọ̀nà, kó o sì ka bẹ́líìtì náà sí ọ̀pá gbọọrọ tí ìdí rẹ̀ ń gbéra nígbà tí orí rẹ̀ bá gbéra. Fún bẹ́líìtì tí kò gùn ju pápá bọ́ọ̀lù mélòó kan lọ, kò burú. Ó yá, ó rọrùn, àṣìṣe ibẹ̀ kò tó nǹkan.

Ṣùgbọ́n rọ́bà kì í ṣe ọ̀pá. Ó ń nà. Tí ẹ bá dá a dúró lójijì tòun tẹrù, orí rẹ̀ á ti dúró, ìdí rẹ̀ ṣì ń bọ̀, á sì máa ta bí okùn tí èèyàn jù. Nínú kìlómítà mẹ́tàdínlógún, ìta yẹn lè fa irin ya. Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n gbé rọ́bà náà gan-an lọ sí ibi àyẹ̀wò, kí wọ́n wò ó nínú òtútù àti nínú ooru, kí wọ́n wá fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé bó ṣe ń nà tó ń sún kì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Oṣù méje ló máa gbà. Urquijo kò fẹ́ gbọ́ oṣù méje.

Fermín gbọ́. Ó jókòó tì mí lórí irin, a jọ ń jẹ tòtíyà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí màmá mi dì pẹ̀lú ẹran gbígbẹ, ó ń fi ìka ya bẹ́líìtì sínú eruku.

"Ta ló kọ́ ẹ ní gbogbo èyí?"

"Ìwé kọ́ mi. Bẹ́líìtì ibí yìí fi èyí tó kù kọ́ mi. Ta ló kọ́ ìwọ?"

"Bàbá mi," ó ní, ó sì fi ìyókù tòtíyà náà sẹ́nu.

Ọjọ́ tó sọ tẹnu rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì la wà, ariwo gba gbogbo ibẹ̀. Mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ń mì.

"Kí lo wí?" mo kígbe.

Ó tún un sọ. Mi ò gbọ́.

"Sọ̀rọ̀ sókè!"

Ó gba èémí, ó pariwo: "Mo ní mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, ìwọ olóríkunkun obìnrin yìí!"

Àṣé wọ́n ti dá bẹ́líìtì dúró láti yí rólà kan padà. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́ ní àárín ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ló gbọ́. Wọ́n súfèé, wọ́n lu irin, ọ̀kan nínú wọn ní, "Injiníà, ẹ dá a lóhùn, ká lè padà sẹ́nu iṣẹ́!"

"Mo gbọ́," mo ní. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ẹ tan bẹ́líìtì."

Ilé wa ni wàhálà ti kọ́kọ́ bẹ́.

Bàbá mi, Refugio Bojórquez, ti ń wa típà ńlá fún ibi ìwakùsà láti bí ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Típà wọn ló ń gbé òkúta gba orí òkè náà kọjá. Awakọ̀ méjìlélógójì ni wọ́n, gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọjọ́ tí bẹ́líìtì bá dé, típà ti parí. Ó ti ṣòro fún un tó pé ọmọ òun ń ṣiṣẹ́ bẹ́líìtì. Ọjọ́ tí mo wá sọ fún un pé mo ti rí ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́, orí oúnjẹ la wà.

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Lizárraga."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Lizárraga tó ń ya bẹ́líìtì?"

"Òun náà ni, Bàbá."

"Nínú gbogbo ọkùnrin tó wà ní Mẹ́síkò. Ṣé ẹni tó fẹ́ gba ìjókòó mi kúrò lábẹ́ ìdí mi lo fẹ́ kí n máa pè ní ọkọ ọmọ mi?"

"Refugio, jẹun," ni màmá mi, Otilia, wí. "Ọmọ yẹn wá síbí lọ́jọ́ Sunday tó o wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó fọ abọ́ tó fi jẹun. Ìwọ, láti ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, abọ́ mélòó lo ti fọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ abọ́ kọ́ là ń sọ!"

"Ọ̀rọ̀ abọ́ lèmi ń sọ."

Bàbá kò jẹun mọ́. Ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ níta, kò tan án.

Ti Hermosillo tún burú ju ìyẹn lọ. Òfin ibi iṣẹ́ wa ni pé injiníà tó máa tọ́jú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àwòrán rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà pé mi ò ní fọwọ́ sí i, ayàfi tí wọ́n bá fi ọ̀nà kejì ṣe ìṣirò náà. Urquijo fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí Injiníà Hilario. Ọjọ́ tí Fermín sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ fẹ́ mi gan-an ni lẹ́tà náà balẹ̀ sórí tábìlì bàbá náà.

Ó gbà wá lálejò. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Amparo, gbé ẹran yíyan àti ẹ̀wà kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò rí àyè. Injiníà Hilario dúró títí a fi jẹun tán.

"Ọmọbìnrin," ó ní, "mi ò kórìíra rẹ. O gbọ́n. Ṣùgbọ́n ogójì ọdún ni mo fi kọ́ orúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Fa lẹ́tà yẹn ya, fọwọ́ sí àwòrán, kí n fi ọwọ́ ara mi mú ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Tó ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, má fi ẹsẹ̀ tẹ ilé yìí mọ́."

Mo dìde.

"Ẹ ṣeun fún oúnjẹ, Màmá. Injiníà, ẹ̀ ń tọrọ ìgbéyàwó lọ́wọ́ bẹ́líìtì ni, ẹ ò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bẹ́líìtì yẹn ò ní gbé ẹrù rẹ̀ láàárọ̀ oṣù kìíní, bí mo bá fọwọ́ sí i nígbà ọgọ́rùn-ún."

Mo rò pé Fermín máa dìde tẹ̀ lé mi. Ó dìde lóòótọ́, ó sì sin mí dé ọkọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrin, ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó mú àwòrán náà dání, ó mú bíírò dání.

"Nere, ìfẹ́ mi, gbọ́ mi ná. Fọwọ́ sí i, kó o wá kọ àkíyèsí sísàlẹ̀. Kọ gbogbo ohun tó ò gbà síbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, a ó rọra máa tún un ṣe. Bàbá mi ti dàgbà. Ohun kan ṣoṣo ló ní kí n ṣe fún òun."

"Ṣé ìwọ gba ìṣirò yẹn gbọ́?"

Ó ń yí bíírò náà láàárín ìka rẹ̀.

"Fermín, èmi ń bi ẹ́. Ìwọ tó o dúró nínú òtútù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣé o gbà á gbọ́?"

"Rárá."

"Síbẹ̀ o fọwọ́ sí i. Mo ń wo orúkọ rẹ níbí."

"Torí tiwa ni mo ṣe—"

"Má fi tiwa ṣe é!" Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi, ìyẹn sì tún bí mi nínú sí i. "Àkíyèsí kì í di irin mú kó má wó. Mi ò ní fọwọ́ sí i fún Urquijo, mi ò ní fọwọ́ sí i fún bàbá rẹ, mi ò sì ní fọwọ́ sí i fún ìwọ tí mo nífẹ̀ẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Gba bíírò rẹ. Máa lọ."

Ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mi ò ní purọ́ pé mi ò sunkún. Mo sunkún ní ilé ìwẹ̀, mo sunkún nínú ọkọ̀, mo sì ń lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ojú wíwú. Urquijo ní tí n kò bá fọwọ́ sí i kó tó di òpin oṣù kẹrin, òun á wá ẹlòmíì tí yóò fọwọ́ sí i, èmi á sì wá iṣẹ́ míì. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ìyá mi ń wò mí, ó kàn ń fi ẹran kún ọbẹ̀ mi.

Ọjọ́ Sátidé kan lọ́wọ́ ọ̀sán, bàbá mi ń fọ ọkọ̀ níwájú ilé. Mo gbọ́ tí ẹnì kan kí i. Mo yọjú lójú fèrèsé. Fermín ló dúró lẹ́nu géètì, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù, àpò kan wà léjìká rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Mo wá rí Nereida. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ bá ẹ̀yin sọ̀rọ̀."

Bàbá mi ń rọ omi lọ. "Sọ ọ́."

"Mo ti fa orúkọ mi kúrò lórí àwòrán náà. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Urquijo. Bàbá mi ti lé mi kúrò ní ọ́fíìsì, mo sì ti kó kúrò nílé. Mi ò níṣẹ́, mi ò nílé. Mo wá tọrọ ọmọ yín."

Bàbá mi ti omi pa. Ó wò ó látòkè délẹ̀.

"Nígbà tó o níṣẹ́ tó o nílé, mo ní rárá. Ìgbà tó ò ní nǹkan kan wàyí lo wá ń bi mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Orí ẹ pé?"

"Ọmọ yín ló bà á jẹ́, sà."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín nínú ilé. Mo jáde. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo káwọ́ lẹ́yìn kí wọ́n má baà ṣe ohun tí n kò rán wọn.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," mo ní.

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù bàbá mi bà mí láti kékeré, Nere. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rù ni. Mo ti ń pè é ní ọ̀wọ̀. Mi ò wá sọ fún ẹ pé kó o dárí jì mí lónìí. Mo wá sọ fún ẹ pé o jàre, mo sì ti sọ ọ́ fún wọn ní gbangba."

Mo gbá a mọ́ra níwájú bàbá mi, níwájú àwọn ará àdúgbò, àti gbogbo ọṣẹ tó dà sílẹ̀.

Ó jẹun lọ́dọ̀ wa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹnu oúnjẹ ni mo ti sọ pé irin ìfà ni mo bẹ̀rù jù nínú àwòrán náà, ìyẹn irin ńlá tí wọ́n máa ń so rọ̀ sínú ilé gogoro kó lè máa fa bẹ́líìtì kó má dẹ̀. Mo ní bí bẹ́líìtì bá ta, irin yẹn máa fò.

"Ó máa ń fò," bàbá mi ní.

Gbogbo wa wò ó.

"Kí n tó wa típà, ọdún méjì ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Ojo Frío, nídìí bẹ́líìtì Lizárraga. Kìlómítà mẹ́rin péré. Lọ́dún 1970, àrá pa iná, bẹ́líìtì dúró tòun tẹrù. Irin yẹn fò sókè bíi bọ́ọ̀lù, ó já sílẹ̀, ó yẹ̀ kúrò lórí irin tó ń gùn. Ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi, Librado, ló já lé. Wọ́n gé e. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ni kò ṣọ́ra. Látìgbà yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ fi wáyà so irin náà mọ́lẹ̀, wọn kì í sì í dá bẹ́líìtì dúró tí ẹrù kò bá tíì tán lórí ẹ̀. Títí dòní ni."

"Bàbá," mo ní, "kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi sọ fún mi?"

Ó ń wo abọ́ rẹ̀. "Torí mo fẹ́ kí wọ́n kọ́ bẹ́líìtì yẹn burúkú. Kí wọ́n kọ́ ọ, kó já, kí wọ́n wá bẹ̀ wá pé ká gbé típà wa jáde. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Awakọ̀ méjìlélógójì, Nere."

"Tó bá já, ta ló máa wà lábẹ́ ẹ̀?"

Ìyá mi na ọwọ́, ó gbé e lé ọwọ́ bàbá mi tó wà lórí tábìlì.

"Èmi ni mo máa wà lábẹ́ ẹ̀," mo ní. "Iṣẹ́ mi ni."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Monday, bàbá mi wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé fìlà awakọ̀ rẹ̀ lé e, ó wọ yàrá ìpàdé Urquijo láìkan ilẹ̀kùn. Injiníà Hilario wà níbẹ̀. Wọ́n pè é wá nítorí orúkọ tí ọmọ rẹ̀ yọ. Èmi àti Fermín tẹ̀ lé bàbá mi.

"Refugio Bojórquez ni mí. Mo ń wa típà kejìdínlógún. Bẹ́líìtì yín máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi, torí náà ẹ mọ̀ pé mi ò wá fún àǹfààní ara mi. Injiníà, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ojo Frío. Ẹ ní kí wọ́n tú wáyà ìdí irin ìfà yín."

"Wáyà wo?" Injiníà Hilario ní. "Mi ò ya wáyà kankan síbẹ̀."

"Mo mọ̀, sà."

Wákàtí kan àbọ̀ la fi wakọ̀ débẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò fẹ́ tú u; bàbá mi ló bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n lé gbogbo èèyàn sẹ́yìn, wọ́n fi ààbọ̀ ẹrù sórí bẹ́líìtì náà torí ẹ̀rù odindi ń bà wọ́n. Wọ́n pa iná.

Ìró kan wá láti ọ̀nà jíjìn, bí ìgbà tí nǹkan ń sáré bọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Irin ìfà náà, tó wúwo ju ọkọ̀ akérò lọ, gbéra fẹ́ẹ́ bí ìwé, ó ga ju èèyàn lọ, ó já wálẹ̀. Ilé gogoro náà mì tìtì. Eruku bò wá. Ó tún gbéra lẹ́ẹ̀kejì.

Injiníà Hilario bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n," ó ní. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Ẹ ò bi wá," bàbá mi ní.

Bàbá arúgbó náà kọjú sí mi. Mo rò pé ó máa bínú. "Kó ìṣirò rẹ fún mi," ó ní, ohùn rẹ̀ gbẹ. "Gbogbo rẹ̀." Mo kó o fún un. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ, kò wo ojú ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà rẹ̀ dé sọ́wọ́ Urquijo, ìlà mẹ́rin péré. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀nà kejì ṣe é, kí wọ́n gba oṣù méje tó gbà. Ó ní òun kò ní ṣiṣẹ́ náà mọ́. Kò dárúkọ mi síbẹ̀. Urquijo gbé iṣẹ́ náà fún Fermín àtèmi. Mi ò tíì fọwọ́ kan bíírò tí mo fi sọ tèmi: àwọn awakọ̀ méjìlélógójì náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́ ní iṣẹ́ títọ́jú bẹ́líìtì náà kí wọ́n tó gba ẹnikẹ́ni láti ìta. Urquijo jiyàn ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ó gbà, mo sì fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ náà. Bẹ́líìtì náà ti ń ṣiṣẹ́ dòní, pẹ̀lú òtútù, pẹ̀lú yìnyín, pẹ̀lú àrá. Tó bá dúró, irin rẹ̀ kì í fò.

Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó wa kò dúró dè é. A ò tún tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fermín ní bí a bá ń retí kí bàbá òun yọ́nú, a ó hu ewú. A mú ọjọ́ nínú oṣù kẹfà, a to tábìlì sẹ́yìn ilé wa lábẹ́ àwọn igi, màmá mi àti àwọn aládùúgbò yan tòtíyà láti ìdájí.

Màmá Amparo wá. Òun nìkan ló wá. Ó wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ láti Hermosillo, obìnrin tí wọ́n ní kò wakọ̀ rí kọjá ọjà. Ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó gbá mi mọ́ra.

"Ó ní tí mo bá wá, kí n má padà," ó sọ fún wa. "Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà."

A ti fi àga méjì sílẹ̀ fún àwọn òbí Fermín ní iwájú. Oúnjẹ ti dé, àwọn onígìtá ti jókòó, àga kejì ṣì ṣófo. Ojú gbogbo èèyàn ń lọ síbẹ̀. Mo rí bí Fermín ṣe ń wò ó tó ń mójú kúrò. Bàbá mi rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Nere, ṣé ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Bóyá ó ṣì ń bọ̀."

Ọkàn kan ní ká fi í sílẹ̀. Kí n tó lanu, Màmá Amparo ti dìde. Ó gbé àga náà fúnra rẹ̀, ó gbé e kọjá láàárín tábìlì, ó sọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ìyàwó awakọ̀ kan tó lóyún tó ń fẹ̀yìn ti igi.

"Jókòó, ọmọ mi," ó ní. "Ẹni tó wá ni wọ́n ń fún ní àga."

Ó padà, ó fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e lé ọwọ́ mi.

"Ẹ̀yin onígìtá, kí lẹ ń dúró dè?" ó ní. "Àwọn ọmọ mi fẹ́ jó."